Màmá Yín Ń Sinmi

Ọkàn ìyá rẹ̀ ń lù lára ògiri. Ó pupa fòò, ó tóbi tó ilẹ̀kùn, ó ń sọ kì, kì, kì lójú tẹlifíṣàn tó gba gbogbo ògiri yàrá ìpàdé, àwọn àlejò mọ́kànlá tó jókòó yí tábìlì ká sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù àṣekágbá. Nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: méjìdínláàádóje láàárín ìṣẹ́jú kan. Lábẹ́ ìyẹn ni iye ìṣísẹ̀ tí ìyá ti rìn láti òwúrọ̀ wà, ó sì ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń wò ó.

"Ìyá tó bí mi lọ́mọ nìyẹn," ni ó wí. "Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Lánàá nìkan, ìṣísẹ̀ ẹgbàárùn-ún ni wọ́n rìn."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í fi ìdùnnú hàn lásán, mi orí sí i láti ìkángun tábìlì.

Akọ̀wé ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, kì í ṣe pé ó ń kọ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ wọn ló ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí wọ́n sọ ní Ọkànbalẹ̀. Arúgbó ni wọ́n ń fi sọ́wọ́. Ẹ̀gbà á máa ka ìlù ọkàn, á máa ka ìṣísẹ̀, á máa ka oorun, á sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ níbikíbi tí ọmọ bá wà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í tu èèyàn nínú. Iṣẹ́ Akọ̀wé ni láti sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Bí oorun bá dára, "Màmá yín jí sáyọ̀." Bí ìṣísẹ̀ bá pọ̀, "Ara Bàbá yín yá gágá lónìí." Bí ìlù ọkàn bá lọ sílẹ̀ tí ara kò sì mira, "Màmá yín ń sinmi dáadáa." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó fi wá gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí. Èyí tó kọ́kọ́ kọ ni "Màmá yín kò kúrò lójú kan," Ọ̀gá sì fi bírò fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní ẹni tó ra ìbàlẹ̀ ọkàn, a kì í fi ẹ̀rù ṣe ènì fún un.

Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn arúgbó ní ìlú márùn-ún ni àwọn àlejò náà ti wá. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ ni ẹ̀gbà yóò wọ̀, Ọ̀gá sì ti sọ fún Akọ̀wé láàárín àwọn méjèèjì pé àga olórí ẹ̀ka ń dúró dè é. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó gbé ìyá rẹ̀ wá sórí ògiri. Ẹ̀rí wo ló tún ju ìyá ẹni lọ?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́. Obìnrin onírun funfun kan ni, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ogójì ọdún kí wọ́n tó fi í ṣe olùdarí. Ó ń wo nọ́ńbà ara ògiri bí ẹni ń wo ọmọ tó ń parọ́.

"Ṣé eré ni Màmá ń sá ni?" ni ó béèrè.

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà bá wọn rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Mà. Orúnkún òsì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì, wọ́n á dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì."

Ó ti sọ ọ́ tán kí etí ara rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó yíjú sí ògiri. Ìṣísẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò dúró sinmi níbì kankan.

"Ìgbà wo lẹ rí wọn gbẹ̀yìn?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn, Mà." Ó nawọ́ sí ọkàn pupa náà.

"Àwọn fúnra wọn ni mò ń béèrè," ni obìnrin náà wí.

Oṣù méje ni. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni láti ọ́fíìsì yìí dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, oṣù méje sì ni. Kí ẹ̀gbà tó dé, òpin ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kó má lọ. Bí ọjọ́ mẹ́rin bá ti lọ tí kò gbúròó rẹ̀, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, oorun á dá lójú rẹ̀, àfi kó gbéra. Ẹ̀gbà dé, ó gba àyà jíjá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ara tù ú. Ó sì rò pé ara ìyá òun náà ló tù.

Nǹkan kan yí padà nínú ikùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ebi ni. Ó wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí òun náà wọ Ọkànbalẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbà ló ń sọ fún wọn ìgbà tó yẹ kí ebi pa wọ́n àti ìgbà tó yẹ kí oorun kùn wọ́n. Ẹ̀gbà ní àsìkò oúnjẹ kò tíì tó. Ó ní kí ó mí sínú, kí ó mí síta. Ó mí sínú, ó mí síta. Nǹkan náà kò kúrò.

Ó tọrọ àyè, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe fóònù ìyá rẹ̀. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún un pè. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá rántí pé òun kò mọ ìgbà tí òun pe nọ́ńbà yìí gbẹ̀yìn. Ìròyìn kan ṣoṣo tó burú díẹ̀ nípa rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ dé lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn: "Màmá yín kò sùn tó lóru àná. Ṣé kí a rán nọ́ọ̀sì sí wọn?" Inú ìpàdé ni ó wà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni," ó sì yíjú padà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ìyá ti dára, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ sì ti pọ̀. Ó tilẹ̀ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀gá jáde tẹ̀ lé e, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pa. Ó bi í ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ní fóònù ìyá òun ń dún, wọn ò gbé e. Ọ̀gá ní ẹni tó ń rìn kiri, ṣé ó di dandan kó mú fóònù dání ni?

"Orúnkún wọn, Mà. Wọn ò lè rin ìrìn yẹn."

"Ẹ̀rọ ní wọ́n rìn ín."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ fúnra rẹ lo gbé wọn sórí ògiri. Bó o bá wá sáré jáde láti lọ fojú ara rẹ wò wọ́n, kí lo sọ fún àwọn tó wà nínú yàrá yẹn?"

Ó mọ ohun tí òun máa sọ fún wọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n òun, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé ojú wọn fún ẹ̀rọ, kí wọ́n sì máa sùn.

"Bó o bá lọ, ẹlòmíràn ló máa jókòó sórí àga yẹn," ni Ọ̀gá wí. Kò pariwo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pé àánú rẹ̀ ṣe é.

Kóòtù rẹ̀ ṣì wà lára àga nínú yàrá ìpàdé. Kò padà lọ mú un.

Ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbé fóònù síwájú níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o, bó bá sì ti tàn ni ó ń wò ó. Ìlù ọkàn ń lọ sílẹ̀. Méjìdínláàádóje di ọgọ́rùn-ún, ó di àádọ́rùn-ún. Ìṣísẹ̀ dúró gbọn-in. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìròyìn wọlé.

"Màmá yín ń sinmi dáadáa."

Gbólóhùn tirẹ̀ ni. Ó mọ ibi tí ó ti yí ọ̀rọ̀ kan kúrò tí ó fi òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò kà á bí ọmọ. Ẹni tó sùn kì í mira. Ẹni tó ṣubú sílẹ̀ balùwẹ̀ tí kò lè dìde, òun náà kì í mira. Ẹni tó kú ńkọ́? Ó ti bi àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè yẹn rí, wọ́n ní bí ìlù bá dúró pátápátá, ẹ̀gbà á ké. Kò bi wọ́n pé kí ni ẹ̀gbà ń sọ ní wákàtí tó ṣáájú rẹ̀.

Ó já iná pupa kan. Awakọ̀ kan tẹ fèrè mọ́ ọn títí ó fi yà sí òpópónà mìíràn.

Ilé alájà mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ní àjà kejì. Akọ̀wé fi eré gun àtẹ̀gùn, ó sì kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó yọ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ tó ń gbé kiri ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti lò ó gbẹ̀yìn. Ó ní láti dán mẹ́ta wò kí èyí tó bá a mu tó yí.

"Màmá!"

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ nigín-nigín, kò sí àmì pé ẹnikẹ́ni sùn sórí rẹ̀. Ìkòkò orí sítóòfù gbẹ. Nínú àpótí oògùn oníhò méje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ihò mẹ́rin tó yẹ kó ti ṣófo ṣì kún. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ìpè mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, òun ló sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọjọ́ mẹ́rin, ẹlòmíràn kò pè é. Ó wo balùwẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wá dọ̀bálẹ̀, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tó so táì mọ́rùn, ó ń wá ìyá rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń wá bàtà.

Fóònù rẹ̀ mì lápò. "Màmá yín ti dìde. Wọ́n ń rìn káàkiri ilé."

Ó dúró sójú kan láàárín páálọ̀. Irun ara rẹ̀ dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Ó ń wo ilẹ̀ páálọ̀ níbi tí kò sí ẹsẹ̀ kankan àfi tirẹ̀. Ó yíjú wẹ̀yìn, ó tún yíjú. Nígbà náà ni ó gbọ́ ìró kan lórí àtẹ̀gùn lóde. Kì í ṣe ìró bàtà. Nǹkan kan ń ha sìmẹ́ńtì, wéré wéré, ó sì ń bọ̀ lókè.

Ajá ni. Ajá pupa kan tó sanra yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi ìrù. Ẹ̀gbà Ọkànbalẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n fi òwú dúdú rán an mọ́ ọ̀já ọrùn ajá náà dáadáa, iná rẹ̀ sì ń tàn ní àwọ̀ ewé.

Bàbá kan tó ń gbé ìsàlẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Télọ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn ajá rẹ̀, ó di okùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rí Akọ̀wé, ó dúró.

"Ibo lẹ ti rí nǹkan yìí, sà?" ni Akọ̀wé béèrè.

"Má bínú, ọmọ mi. Màmá rẹ ló ní kí n rán an mọ́ ọn." Télọ̀ wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ yín ń fẹ́, ajá sì ní mẹ́rin."

"Ṣé wọ́n wà láàyè?"

Bàbá náà wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bí nínú. "Kí ló dé tí wọn ò ní wà láàyè? Wọ́n wà lókè." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àtẹ̀gùn. "Lọ́dọ̀ Ìyá Òkè. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́rin."

Orí àtẹ̀gùn níbẹ̀ ni ó ti rò ó fún un. Akọ̀wé mọ Ìyá Òkè, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Obìnrin àjà kẹrin ni, ẹni tó ń sá aṣọ sójú fèrèsé láì fún un dáadáa, tí omi rẹ̀ ń kán sórí aṣọ gbígbẹ ìyá Akọ̀wé. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn tí àwọn méjèèjì ti jà sí i, láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, ògiri àti ògiri ni. Télọ̀ ní ìyá Akọ̀wé ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé omi kò kán mọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, aṣọ òun gbẹ kanrin-kanrin. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Lọ́jọ́ kẹta ó ti orúnkún rẹ̀ gòkè lọ wò ó.

Dókítà ti wá, ó ti lọ. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú; kò sí oògùn mọ́. Obìnrin kan tí wọ́n háyà a máa wá láràárọ̀, á nù ún lára, á yí i padà, á tilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ní wà ní ìlú òkèèrè. Ìyá Akọ̀wé jókòó tì í di ilẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ láti wẹ ojú, nọ́ọ̀sì kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú oògùn oorun, ó ní ẹ̀gbà sọ pé Màmá kò sùn, pé ọmọ wọn ló ní kí òun wá. Nọ́ọ̀sì náà ní bí àìsùn yìí bá tún wáyé, yóò dára kí wọ́n gbé Màmá lọ síbi tí wọ́n á ti lè máa ṣọ́ wọn.

"Wọ́n ní ẹ̀gbà yẹn ń fẹjọ́ àwọn sùn," ni Télọ̀ wí.

Akọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ mú irin àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ka ibi tí ìyá rẹ̀ ti ní láti dúró: lórí àtẹ̀gùn kẹsàn-án, níbi ìyípo, lẹ́nu ọ̀nà àjà kẹta tí wọ́n to páálí sí. Ibẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kó ti jókòó.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ òsì sórí ìrọ̀rí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ kan ṣoṣo mú. Ó ti rù sí i. Ojú rẹ̀ ti wọnú, síkáàfù ti yẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kéré débi pé aṣọ ìbora fẹ́rẹ̀ẹ́ má ga níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ojú rẹ̀ kò là tán, kò sì pa dé. Á mí, á dúró pẹ́, á tún mí.

Ìyá rẹ̀ rí i, kò dìde.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Mà."

"Kí ló wá gbé ọ wá lọ́jọ́ iṣẹ́?"

"Inú mi ló kàn ń dà rú."

"Inú náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì yíjú padà sí bẹ́ẹ̀dì.

Gbogbo ìbínú tó rù gun àtẹ̀gùn ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ó ní wọ́n dá òun níjì. Ó ní oògùn wọn wà nílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní wọn ì bá pe òun. Ìyá rẹ̀ dáhùn pé kí òun pè é kí òun ní kí ni? Nọ́ọ̀sì ló máa rán. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Bó ṣe rí ni ó sọ, bí ẹni sọ pé òjò rọ̀. Ibẹ̀ ni ìbínú náà parí sí.

"Ṣebí ẹ kì í bá ara yín sọ̀rọ̀," ni ó wí nígbà tó yá.

"A kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀tá mi ni." Ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ tó dì mú. "Ọ̀tá tí a ti jọ dàgbà tó báyìí, ibo ni n ó ti rí òmíràn? Nínú gbogbo ilé yìí, èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa bá a nílẹ̀."

Akọ̀wé gba apá kejì bẹ́ẹ̀dì lọ láti ṣí fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ yàrá náà ti wúwo. Ìgbà yẹn ni ó rí ọwọ́ kejì obìnrin náà lórí aṣọ ìbora, àti ohun tó wà lọ́rùn ọwọ́ náà. Ẹ̀gbà ti tóbi jù fún un, ó ti yí sábẹ́, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé. Ìlù ọkàn lọ sílẹ̀. Ara kò mira. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un ohun tí ọmọbìnrin yẹn ń kà níbi tó wà, láràárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

"Ṣé ẹ ti pe ọmọ wọn, Mà?"

Ìyá rẹ̀ ní fóònù Ìyá Òkè wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti tì pa, àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, Télọ̀ náà gbìyànjú títí. Akọ̀wé fà á yọ. Ó so ó mọ́ iná nítorí bátìrì rẹ̀ ti ń tán lọ, ó sì di àtàǹpàkò obìnrin náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù. Awọ náà tutù, ó sì fẹ́lẹ́ bí bébà tí wọ́n ti fi rọ́bà pa títí. Fóònù ṣí.

Ó dún lẹ́ẹ̀mejì péré.

"Màmá?" Ohùn obìnrin ni, ariwo èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ibi iṣẹ́ ni. "Màmá, ẹ ti ń lo fóònù? Ẹ ṣeun, Olúwa."

"Kì í ṣe Màmá," ni Akọ̀wé wí. "Ọmọ àwọn tó ń gbé àjà kejì ni mí. Mo wà lọ́dọ̀ wọn." Ó dúró. "Màmá yín ń..."

Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ to sẹ́nu rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ wọ́n, igba gbólóhùn ó lé, gbogbo wọn mọ́lẹ̀, gbogbo wọn rọ̀ lára, kò sì sí ọ̀kan tó ṣeé lò. Lódìkejì bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"Màmá yín fẹ́ máa lọ," ni ó wí. "Wọn ò ní pẹ́ mọ́. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀."

Ariwo èèyàn ń lọ lẹ́yìn ohùn náà. Ilẹ̀kùn kan pa dé, ariwo dúró.

"Wọ́n ní wọ́n ń sinmi." Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka ìwé. "Láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní wọ́n ń sinmi dáadáa."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Kí lẹ wí?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn. Iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò sì rí wọn kí n tó kọ ọ́."

Ó dúró de èébú. Ì bá rọrùn fún un kó bú òun. Ohun tó gbọ́ ni ẹkún, ẹkún tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tó ń wá láti ibi jíjìn. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, ọmọbìnrin náà béèrè pé ṣé ìyá òun lè gbọ́ òun. Akọ̀wé wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n kó máa sọ̀rọ̀ ṣáá. Ó gbé fóònù sẹ́bàá etí Ìyá Òkè lórí ìrọ̀rí.

Kò gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ, ṣùgbọ́n yàrá kéré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ń sọ pé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ń sọ nípa òrùlé kan tó wó lé wọn lórí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ẹni tó yẹ kó tún un ṣe tó sì sá lọ. Ó ń pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ kan tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mímí orí bẹ́ẹ̀dì náà dúró pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìka kan mira lórí aṣọ ìbora bí ẹni ń wá nǹkan.

"Di ìyẹn mú," ni ìyá rẹ̀ wí.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Ó kọ́kọ́ mú un bí ẹni bọ àlejò lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wá rọra tú ẹ̀gbà kúrò lọ́rùn ọwọ́ náà, ó gbé e sílẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ọwọ́ kékeré náà títí òtútù rẹ̀ fi ń dín kù. Ó fa àga kan sún mọ́ ìyá rẹ̀ lódìkejì, ó na apá gba orí bẹ́ẹ̀dì kọjá, kó má bàa jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀, kó má jẹ́ kí òun pẹ́. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ náà orí rẹ̀ ti fara ti èjìká ọmọ rẹ̀, ó ti sùn. Ó ń hanrun. Akọ̀wé kò mọ̀ pé ìyá òun ń hanrun. Tàbí ó ti mọ̀ ọ́n rí, nígbà tí wọ́n jọ ń sùn sínú yàrá kan, tí kò sì sí ohun tó dùn ún gbọ́ jù ú lọ nínú òkùnkùn.

Oòrùn ti yí sí apá kejì fèrèsé. Apá tó nà ti kú tipiri, kò sì yí i padà. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù gidi, tó jókòó sí i láyà bí ẹni tó ti mọ ilé náà tẹ́lẹ̀, kò sì wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí ìrọ̀rí, ohùn ọmọbìnrin náà ti ha. Lẹ́yìn náà ó béèrè, jẹ́jẹ́, pé ṣé ẹnikẹ́ni ṣì wà níbẹ̀.

"Mo wà níbí," ni Akọ̀wé wí.

Ó ti wí i tán kó tó mọ̀ pé òótọ́ ni.